Ẹ̀rí Ta Ni À Ń Gbé Kiri? Ọ̀rọ̀ Lórí Àmì-Ẹ̀yẹ Fíìmù àti Àwa Olólùfẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ lóṣù yìí, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe tìtorí pé ọ̀rọ̀ fíìmù ni, kí ẹ fi ojú eré wò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2017, ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Oscar, àwọn àgbà òṣèré méjì, Warren Beatty àti Faye Dunaway, jáde wá láti kéde fíìmù tí ó dára jù lọ. Àpò ìwé tí wọ́n fi lé Beatty lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí wọ́n fún un. Ó ṣí i, ó wò ó, ó tún un wò, ó fi han obìnrin tí ó dúró tì í, obìnrin náà sì ka orúkọ fíìmù tí ó rí níbẹ̀: La La Land. Àwọn tí wọ́n ṣe La La Land gun orí ìtàgé, wọ́n gba ère wúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí àti ará. Ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ ni àṣírí ti tú. Ọ̀kan nínú wọn, Jordan Horowitz, ni ó padà síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó sọ fún gbogbo ayé pé àṣìṣe ni, pé Moonlight ni ó gba ẹ̀bùn náà.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi ara wa: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ère náà fi wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe tiwọn, èwo nínú fíìmù méjèèjì ni ó dára jù? Kò sí àwòrán kan tí ó kúrò ní ipò rẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú La La Land tí ó di ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nígbà tí wọ́n gba ère náà padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọgbọ́n nínú Moonlight nígbà tí wọ́n gbé e fún wọn. Ẹnu àwọn ènìyàn nìkan ni ó yí padà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, Moonlight ni olólùfẹ́ fíìmù yóò dárúkọ fún ọ bí o bá bi í pé èwo ni ó dára jù lọ́dún náà, yálà ó ti wò ó tàbí kò wò ó.

Yálà ó ti wò ó tàbí kò wò ó: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù pọ̀ láàárín wa. A mọ arákùnrin tí yóò ka orúkọ gbogbo fíìmù tí ó gba Oscar láti ìbẹ̀rẹ̀ wá bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka téébù ìsọdipúpọ̀, tí yóò sì sọ fún ọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ àti ọdún tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. A mọ arábìnrin tí ó mọ fíìmù tí yóò jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, èyí tí yóò tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì, àti iye owó tí èyí tí ó jáde lọ́sẹ̀ tí ó kọjá pa wọlé. Bóyá ó yẹ kí Mùsùlùmí máa wo fíìmù tàbí kò yẹ, irú èyí tí ó yẹ àti irú èyí tí kò yẹ, àwọn aáfà wa ti sọ tiwọn lórí ìyẹn, kì í ṣe ohun tí a jókòó lé lónìí. Ohun tí à ń béèrè kéré ju ìyẹn lọ, ó sì le jù ú lọ. Nígbà tí arákùnrin yìí bá fọwọ́ sọ̀yà pé “èyí ni ó dára jù,” kí ni ó mọ̀? Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ ni, tàbí ohun tí ẹlòmíràn wí? Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ta ni ẹlòmíràn náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ń fún ni ní Oscar, èyí tí wọ́n ń pè ní Akádẹ́mì, ọdún 1927 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Louis B. Mayer, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ MGM, ni ó dá àbá rẹ̀, àwọn ènìyàn 36 ni wọ́n sì jọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe nítorí àmì-ẹ̀yẹ nìkan ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Lára ohun tí Mayer ń lé ni pé kí àwọn ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù ní ibi tí wọn yóò ti máa parí ìjà láàárín ara wọn, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má baà rí ẹsẹ̀ dúró ní Hollywood. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ pín àmì-ẹ̀yẹ náà. Wọ́n jẹun alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Roosevelt, pípín ẹ̀bùn kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ, àwọn tí wọ́n gbà á sì ti mọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta ṣáájú. Fíìmù méjì ni wọ́n gbé sí ipò gíga lálẹ́ ọjọ́ náà: Wings, ìtàn àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú jagun, àti Sunrise, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ nítorí iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n pa irú ẹ̀bùn tí Sunrise gbà rẹ́ pátápátá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Wings ni ó kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní. Ẹni tí ó bá há àkọsílẹ̀ náà sórí lónìí, Wings ni yóò pè fún ọ. Àwọn tí wọ́n mọ fíìmù dáadáa, Sunrise ni wọ́n ń padà lọ wò.

Ìdìbò ni wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò gbà á. Àwọn olùdìbò jẹ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fíìmù fúnra wọn: òṣèré, olùdarí eré, àwọn tí ń ya àwòrán, àwọn tí ń kọ orin, àwọn tí ń rán aṣọ eré. Èyí dára, nítorí pé oníṣẹ́ ni ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn Los Angeles Times wádìí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ó sì rí i pé nínú olùdìbò 100, bí 94 jẹ́ aláwọ̀ funfun, 77 sì jẹ́ ọkùnrin. Ní ọdún 2015 àti 2016, ọdún méjì tẹ̀lé ara wọn, àwọn òṣèré 20 tí wọ́n yàn fún ìdíje lọ́dọọdún, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ariwo ńlá sọ ní Amẹ́ríkà, Akádẹ́mì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, láti onírúurú orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ó ya àwa lẹ́nu jù kì í ṣe àwọ̀ ara wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Akádẹ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde òfin kan pé ẹni tí yóò bá dìbò ní ìpele ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti wo gbogbo fíìmù tí wọ́n yàn sí abala tí ó fẹ́ dìbò fún. Ẹ tún un kà. Odidi ọdún 96 ni wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn náà kí wọ́n tó fi òfin dè é pé kí adájọ́ rí ohun tí ó ń dájọ́ lé lórí! Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Bí èyí tí ó gbọ́ tẹnu ẹnìkan bá jẹ́ òṣìkà, orúkọ wo ni a ó pe èyí tí kò gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni? Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó ń dìbò láìwò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó lè ya ẹni tí ó wò ó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò wò ó, nígbà tí ìbò méjèèjì ti dàpọ̀ sínú àpótí kan náà.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ Oscar yìí tí ó kan àwa gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, fíìmù Malcolm X jáde, èyí tí Spike Lee darí. Denzel Washington ni ó ṣe Malcolm, láti ìgbà tí ó wà ní ìta gẹ́gẹ́ bí jàǹdùkú, títí ó fi bọ́ sí ẹ̀wọ̀n, títí ó fi lọ sí Hájì tí ó sì padà dé bí ẹlòmíràn. Òun ni fíìmù eré àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tí wọ́n gbà láàyè láti yàwòrán ní Mẹ́kà, àwọn ayàwòrán tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ni wọ́n sì rán lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí Denzel nínú fíìmù náà mọ̀ pé kì í ṣe eré kékeré. Àmọ́ ní ọdún 1993, wọn kò yan fíìmù náà rárá sí ara àwọn tí ó ń díje fún èyí tí ó dára jù. Wọ́n yan Denzel, ṣùgbọ́n Al Pacino ni ó gba ẹ̀bùn òṣèré, nítorí fíìmù kan tí ń jẹ́ Scent of a Woman.

Kí ló dé? Àgbà òṣèré ni Pacino. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti yàn án ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú, tí ó fi mọ́ ti The Godfather, tí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ojú ti ń ti àwọn olùdìbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ ọ́ nígbà náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí di òní, pé gbèsè àtijọ́ ni wọ́n san fún un. Ó wá di oṣù kẹta ọdún 2002, Denzel gba ẹ̀bùn òṣèré tí ó dára jù nítorí Training Day, níbi tí ó ti ṣe ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́. Òun ni aláwọ̀ dúdú kejì tí yóò gbà á láti ìgbà tí Sidney Poitier ti gbà á ní ọdún 1964. Àwọn ènìyàn tún sọ pé: gbèsè Malcolm X ni èyí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà lára àwọn tí ó bá Denzel díje lálẹ́ ọjọ́ náà? Will Smith ni, nítorí fíìmù Ali, tí ó ṣe Muhammad Ali. Bí ó bá jẹ́ gbèsè Malcolm ni wọ́n san lóòótọ́, a jẹ́ pé alẹ́ tí eré Ali wà lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n san án.

Bóyá eré Will Smith ni ó dára jù lọ́dún náà tàbí kì í ṣe òun, a kò sọ. Ohun tí ó yẹ kí olólùfẹ́ fíìmù ronú lé lórí ni irú òwò tí èyí jẹ́. Ìyá kan ń ta gàrí lọ́jà. Lánàá, ó wọn kóńgò fún Ìyá Àfúsá, kò kún. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Nígbà tí Ìyá Àfúsá padà dé lónìí, ó wọn kóńgò fún un, ó sì bu èènì rẹpẹtẹ lé e, ṣùgbọ́n inú àpò gàrí tí Ìyá Ṣèfíù ti sanwó rẹ̀ ni ó ti bu èènì náà. Ìyá Àfúsá yóò rẹ́rìn-ín lọ sílé, ìyá olóńjẹ yóò sùn dáadáa lóru. Ẹ̀tọ́ Ìyá Ṣèfíù ńkọ́? Àwọn kan yóò sọ pé àánú ni. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ san gbèsè, kí ó san án nínú ohun tirẹ̀. Òṣùwọ̀n ọdún kan kì í ṣe ohun ìní adájọ́ tí yóò máa fi ṣe àánú. Ohun tí ẹ̀bùn náà sọ lẹ́nu ni pé “iṣẹ́ yìí, lọ́dún yìí.” Bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó fi í fúnni, ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí ọkàn ti yàtọ̀ síra wọn, ẹni tí ó bá sì gbé ẹ̀rí ẹnu kiri ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ń gbé ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ̀bùn jẹ́ òtítọ́ tí gbogbo ohun tí ó yí i ká sì jẹ́ irọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1940, Hattie McDaniel gba Oscar fún Gone with the Wind; aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ gbà á láyé nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles ni ayẹyẹ náà ti wáyé, òtẹ́ẹ̀lì náà kò sì gba aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀gá tí ó ṣe fíìmù náà bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n sì gbé e sí, jìnnà sí tábìlì àwọn tí wọ́n jọ ṣe eré. Láti ibẹ̀ ni ó ti rìn wá gba ẹ̀bùn. Ó kú ní ọdún 1952; itẹ́ òkú tí ó fẹ́ kí wọ́n sin ín sí ní Hollywood kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọdún 51 ni ó gbà kí aláwọ̀ dúdú obìnrin mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba Oscar, ní 1991. Arákùnrin wa tí ó há orúkọ sórí yóò sọ fún ọ pé “1940, Hattie McDaniel.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ tábìlì ẹ̀bá ògiri, kí ni ó mọ̀ nípa ọdún 1940?

Níbi tí a dé yìí, ẹnìkan lè rò pé à ń sọ pé kí olólùfẹ́ fíìmù jù àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù. Rárá o. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àmì-ẹ̀yẹ dé gbòǹgbò ni ó kẹ́yìn tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ gbọ́ láìwádìí. Ẹ wo Citizen Kane, tí Orson Welles ṣe nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ní ọdún 1942 wọ́n yàn án fún Oscar mẹ́sàn-án, ẹyọ kan ni ó gbà, ti ìwé eré. How Green Was My Valley ni wọ́n sọ pé ó dára jù. Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi àwọn olùtúpalẹ̀ fíìmù léèrè ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá pé èwo ni ó dára jù láyé. Láti 1962 títí dé 2002, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Citizen Kane ni wọ́n ń dárúkọ. Ní 2012, wọ́n yẹ̀ ẹ́ nípò, wọ́n fi Vertigo ti Alfred Hitchcock síbẹ̀. Nígbà tí Vertigo jáde ní 1958, Oscar méjì péré ni wọ́n yàn án fún, kò gba ọ̀kan. Hitchcock alára kò gba Oscar olùdarí eré rí títí ó fi kú. Ní 2022, wọ́n tún yẹ Vertigo, wọ́n fi Jeanne Dielman síbẹ̀, fíìmù ọdún 1975 tí obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Chantal Akerman, ṣe, tí àwọn olùdìbò Oscar kò wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó dunni ni ti How Green Was My Valley. Fíìmù rere ni, lórí ìdílé awakùsà kan ní ilẹ̀ Wales. Lónìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni pé òun ni ó gba ipò Citizen Kane. Ẹ̀bùn tí ó yẹ kí ó gbé e ga ni ó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sùn. Àwọn tí ń bú u, ìwọ̀nba nínú wọn ló ti wò ó.

Ti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ náà kò sàn jù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni fíìmù tuntun sábà máa ń jáde ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àwọn ilé sinimá tiwa. (A mọ ibi tí ó yẹ kí ọ̀sán Jímọ̀ bá wa; ìyẹn yà sọ́tọ̀.) Tí ó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, iye owó tí ó pa ti jáde, wọ́n ti tò wọ́n láti orí ìkìíní dé ìkẹwàá, ìdájọ́ sì ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ látètèkọ́ṣe. Ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀nba ilé sinimá ní àwọn ìlú ńlá, á sì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975 ni Jaws jáde ní ilé sinimá tí ó ju 400 lọ lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ìpolówó alágbára lórí tẹlifíṣàn, ó pa owó tí kò ṣe é fẹnu sọ, láti ìgbà náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń sáré irú eré ìje bẹ́ẹ̀.

The Shawshank Redemption jáde ní 1994. Bí mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, owó tí ó kọ́kọ́ pa wọlé kò tó bẹ́ẹ̀. Oscar méje ni wọ́n yàn án fún ní 1995, kò mú ọ̀kan lọ sílé. Nípa òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀, ó kú; nípa òṣùwọ̀n ọdún, ó kú. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti tẹlifíṣàn ni ó jí i: àwọn ènìyàn yá a, wọ́n wò ó nínú ilé, wọ́n sọ fún aládùúgbò. It's a Wonderful Life ti 1946 kò rí owó rẹ̀ gbà padà. Ní 1974, wọ́n gbàgbé láti tún ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ gbà, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn bá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ bí ó ṣe wù wọ́n, ó sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ń wò lọ́dọọdún. Àṣìṣe akọ̀wé ni ó gbà á lọ́wọ́ ìdájọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n!

Arábìnrin wa tí ó mọ iye owó ọ̀sẹ̀ lè dá wa lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó lè wo gbogbo rẹ̀ tán? Ẹnikẹ́ni tí yóò bá yan ohun tí yóò wò gbọ́dọ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.” Ó gbà bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe Oscar tí wọ́n fún A Separation ti Asghar Farhadi, ọmọ ilẹ̀ Ìráànì, ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì bá tí mọ̀ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà: ọkọ, ìyàwó, ọmọbìnrin wọn, òṣìṣẹ́ ilé tí ó ń bẹ̀rù láti búra èké, kóòtù, àti irọ́ kékeré kan tí kò sí ẹni tí ó lè yọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ṣe wá lóore níbẹ̀. Gbígbára lé ẹ̀rí kì í ṣe àbùkù. Àwa tí àwọn onímọ̀ Hádíìsì wa lo gbogbo ayé wọn láti béèrè pé ta ni ó gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé ó pàdé ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àwa ni ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí a fi ń gba ẹ̀rí jù. Nítorí náà, ìbéèrè tí a ní fún arábìnrin náà kò ju èyí lọ: lẹ́yìn tí ẹ̀bùn ti júwe ilé fún ọ, ṣé o wọlé? Tàbí ẹnu ọ̀nà ni o dúró sí, tí o ń sọ fún àwọn tí ń kọjá pé ilé náà dára nínú?

Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti máa sọ pé “wọ́n ní ó dára,” tí ó sì ń fi ohùn “mo mọ̀ pé ó dára” sọ ọ́, ibi fíìmù kọ́ ni yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yan olórí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ó sì kan ilé. Ní ọdún 2019, Nàìjíríà fi fíìmù ránṣẹ́ sí Oscar fún ìgbà àkọ́kọ́, sí abala ti ilẹ̀ òkèèrè: Lionheart, tí Genevieve Nnaji darí. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n yọ ọ́. Òfin abala náà ni pé èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ inú fíìmù, nínú Lionheart tí ó gba bí ìṣẹ́jú 95, Ìgbò kò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Òfin ni òfin, kò ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ta ni ó kó Gẹ̀ẹ́sì bá Nàìjíríà tí a fi ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wa? Ní 2022, ìgbìmọ̀ tiwa fúnra rẹ̀ dìbò pé kò sí fíìmù tí yóò lọ lọ́dún náà, nígbà tí fíìmù Yorùbá, títí kan Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ariwo tí ó sọ lọ́dún náà pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń jà lórí bóyá Oscar yóò gbà á tàbí kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Yorùbá tí ó ti dàgbà díẹ̀ léèrè nípa Lápité, ọba Jogbo, nínú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání tí ó jáde ní 1999. Yóò sọ ìtàn náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sọ ibi tí ó dùn, yóò sọ ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Kò ní rántí bi yín léèrè ẹ̀bùn tí ó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí alẹ́ ọjọ́ Moonlight. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Mahershala Ali gba Oscar, òṣèré Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Inú àwa Mùsùlùmí dùn káàkiri ayé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí inú wa dùn ni ó mọ ohun tí ó ṣe nínú fíìmù náà? Ọkùnrin tí ń ta oògùn olóró ni ó ṣe, tí ó fi ojú àánú wo ọmọ kékeré kan tí kò rí alábàárò, ìyá ọmọ náà sì ń ra oògùn náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó síwájú rẹ̀ nídìí tábìlì, ó bi í bóyá oògùn ni ó ń tà. Ẹni tí ó bá ti rí ojú ọkùnrin náà níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn lé lórí. Àwa tí a kò rí i, orúkọ rẹ̀ ni a yọ̀ sí.

Fíìmù kan wà tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí. The Message ti Moustapha Akkad, tí ó jáde ní 1976, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wò ó, ẹlòmíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akkad ya fíìmù náà, lẹ́ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Anthony Quinn gẹ́gẹ́ bí Hamza, lẹ́ẹ̀kan ní Lárúbáwá pẹ̀lú àwọn òṣèré ilẹ̀ Lárúbáwá. Kò fi Ànábì wa hàn, kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó bí láàárín àwọn onímọ̀ pọ̀, ó sì wà síbẹ̀. Àwa náà ń jà lórí rẹ̀: àwọn kan sọkún níbi tí ọ̀kọ̀ ti ba Hamza lójú ogun Úhúdù, àwọn kan ní Quinn ti dàgbà jù, àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n ṣe é rárá, àwọn kan ní orin inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Oscar kan ṣoṣo ni wọ́n yàn án fún, ní 1978, Star Wars ni ó sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Orin yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yàn án.